Ìdajì Ṣíbí Tí Fíìmù Gbé Mì

Òkè-Kòtò,
Agége.

Mùlíkátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọ̀wọ́n,

Kí Ọlọ́run fún ọ ní àlàáfíà níbi tí o bá ti ń ka ìwé yìí. Jọ̀wọ́, má kà á níbi iṣẹ́. Dúró dìgbà tí o bá délé, tí o ti bọ́ bàtà, tí o sì ti jẹun. Ó gùn, kò sì dùn ún kà fún ẹni tí ebi ń pa.

Ìwé tí o fi rán ọmọ Ìyá Sùrá tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn pé ilé ìtẹ̀wé tó gbà ọ́ ní Ìbàdàn fún ọ ní àga tìrẹ àti kọ̀ǹpútà tìrẹ, àti pé obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá yín kì í pariwo. Mo ka ibẹ̀ fún àbúrò rẹ, ó pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà mo dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé: "Bàbá, ẹ má mikàn lórí iṣẹ́ mi. Èmi ò ní ṣe bíi Màámi. Màá máa ka iṣẹ́ mi dáadáa kó tó jáde." Mo ká ìwé náà, mo ní kí àbúrò rẹ lọ bá mi wo omi lórí iná. Kò sí omi kankan lórí iná.

Mi ò bínú sí ọ. Ohun tí mo fi sí ọ lẹ́nu láti kékeré lo sọ padà fún mi. Ṣùgbọ́n irọ́ ni, Àbẹ̀kẹ́. Ìyá rẹ kò fo nǹkan kan rí nínú iṣẹ́ tí a fi lé e lọ́wọ́. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà, tí mo sì dárúkọ rẹ̀ dípò ara mi. Òjò ọdún kan ti rọ̀ kọjá lórí sàréè rẹ̀ báyìí, ìwọ tí o jẹ́ àkọ́bí rẹ̀ sì tún ń pè é ní aláìfarabalẹ̀. Bí mo bá dákẹ́ sí èyí náà, a jẹ́ pé mo sin ín lẹ́ẹ̀mejì.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí mo bá kan ibi tí ìmọ̀ràn wà, màá dúró níbẹ̀ kí n tó máa lọ.

O rántí pé ilé ìtẹ̀wé kan náà ni èmi àti ìyá rẹ ti ṣiṣẹ́, ní àdúgbò ilé iṣẹ́ ńláńlá nì ní Ìkẹjà, lẹ́yìn òpópó Ọba Akran. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Òjé ni mo kọ́kọ́ ń fi ọwọ́ tò, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ mi á sì dúdú dé ìgúnpá. Ìyá rẹ ka ìwé Mọ́dà tán ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ni wọ́n gbà láti máa ka iṣẹ́ kí a tó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é ní Màdáàmù Rídà, ìyẹn ẹni tó ń kàwé. Bírò pupa kan wà lára irun rẹ̀ nígbà gbogbo, bí àwọn obìnrin mìíràn ṣe ń fi òòyà há irun.

Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé Sáàpù ti ìjọba dé, tí òjé àti bébà di ọ̀wọ́n, ọ̀gá ra kọ̀ǹpútà kan. Wọ́n rán mi lọ kọ́ ọ ní òpópó Allen. Nígbà tí mo padà, wọ́n dá àwọn tó ń to òjé dúró, ó ku èmi. Wọ́n yí orúkọ mi padà, wọ́n ń pè mí ní Kọ̀ǹpútà. Àbẹ̀kẹ́, orí mi wú. Mo ń wọ táì. Èmi tí mo ń jẹ ẹ̀bà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú Súlè ọ̀rẹ́ mi àti àwọn yòókù tó ń to òjé lábẹ́ igi ní ọ̀sán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, mo ní kọ̀ǹpútà kò fẹ́ dá wà.

O mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n fara dà á kí n sọ ọ́ bí a ṣe mọ̀ ọ́n nígbà náà. Kọ̀ǹpútà kò mọ A, kò mọ B. Nọ́ńbà ló mọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àwọn nọ́ńbà kan wà tí kì í ṣe lẹ́tà rárá, àṣẹ ni wọ́n: bọ́ sí ìlà tó kàn, ṣí ojú ewé tuntun, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ki. Àṣẹ kì í hàn lórí ìwé, iṣẹ́ tó ṣe nìkan ló ń hàn. Lórí àwọn lẹ́tà Òyìnbó tó wọ́pọ̀, gbogbo ẹ̀rọ ló fohùn ṣọ̀kan. Tó bá wá di àmì tí kò wọ́pọ̀, bí àmì ìdajì, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló yan nọ́ńbà tó wù ú.

Àwa ò ní ẹ̀rọ tó ń yọ fíìmù, ìyẹn ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ tẹ̀ máa ń hàn lára rẹ̀. Tí mo bá to ọ̀rọ̀ tán, màá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà nínú ilé iṣẹ́ wa, ìyá rẹ á kà á, á fọwọ́ sí i. Màá wá gbé dísíkẹ́ẹ̀tì tí iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ lọ sí Allen, wọ́n á yọ fíìmù rẹ̀ fún mi, fíìmù yẹn ni a ó fi ṣe pléètì, irin pẹlẹbẹ tó ń tẹ ìwé. Ẹ̀rọ ti Allen kò gba gbogbo àmì tiwa. Nọ́ńbà tó jẹ́ ìdajì lọ́dọ̀ wa, àṣẹ ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún lọ́dọ̀ wọn. Tí ẹ̀rọ yẹn bá kàn án, á wá irú àṣẹ tó jẹ́, kò ní rí i. Kì í pariwo. Kì í fi àlàfo sílẹ̀ kí ojú lè rí i. Ńṣe ló máa fò ó, á fa ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e mọ́ra, á máa bá tirẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn kìíní nìyí, ọmọ mi. Bébà tí o kà nínú ilé iṣẹ́ yín kọ́ ni iṣẹ́. Èyí tó jáde gbẹ̀yìn ni iṣẹ́. Ìyẹn ni kí o kà. Ènìyàn tí ọ̀rọ̀ kò bá yé á ní "kí lẹ wí?", ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ kò bá yé á ṣe bí ẹni pé o ò sọ nǹkan kan. Kí o tó gbé iṣẹ́ lọ sí ẹ̀rọ ibòmíràn, tẹ ojú ewé kan tí gbogbo àmì tí o fẹ́ lò wà lórí rẹ̀, kí o kọ́kọ́ ní kí wọ́n yọ ìyẹn fún ọ. Ọmọkùnrin tó ń yọ fíìmù ní Allen sọ èyí fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dán àwọn àmì yín wò ná." Mo ní fíìmù ti wọ́n jù fún ìdánwò. Òótọ́ ni pé ó wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú mi kọ̀. Ọmọdé ni, mi ò sì fẹ́ kí ó kọ́ mi.

Ìkejì. Iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí, ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò òògùn ikọ́ ọmọdé ni. Ilé iṣẹ́ òògùn kan ní Ìkẹjà níbẹ̀ ló gbé e fún wa. Apá kan Òyìnbó, apá kan Yorùbá. Ní apá Òyìnbó, wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ ìdajì. Ní apá Yorùbá, àyè há, èmi ni mo sì gbọ́n, mo fi àmì ½ rọ́pò rẹ̀: "Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan: ½ ṣíbí kékeré, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́." Ìyá rẹ kà á lórí bébà. Ó pé. Ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí fíìmù dé, ohun tó wà lórí rẹ̀ ni: "Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan: ṣíbí kékeré, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́."

Ibi tí ojú ti ń tì mí jù nínú apá yìí ni èyí. Láyé ìgbà yẹn, kọ̀ǹpútà wa kò lè fi àmì sí orí lẹ́tà Yorùbá tàbí sí abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣe é. Màá tẹ́ fíìmù sórí tábìlì oníná, màá fi bírò tíńrín tó ń lo yíǹkì dúdú sàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo fi àmì sí abẹ́ "ṣíbí" yẹn. Ọwọ́ mi dé ibẹ̀. Bírò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibi tí ìdajì yẹ kó wà. Mo ń wo bóyá àmì mi rí roboto, mi ò wo ohun tí ìlà náà ń sọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Làpálàpá ni mo ń pa. Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, má jẹ́ kí ẹwà iṣẹ́ ọwọ́ rẹ gba ojú rẹ tán. Tí o bá ṣe é tó dára, dìde, mu omi, padà wá kà á bí ìyá ọlọ́mọ tó fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ní òògùn.

Àṣà ilé iṣẹ́ wa ni pé tí mo bá fi àmì sí i tán, fíìmù gbọ́dọ̀ kọjá lọ́wọ́ Rídà kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe pléètì. Kò sí ìwé tí a ń fọwọ́ sí lórí èyí, ẹnu la fi ń ṣe é. Tábìlì ìyá rẹ kò jìnnà. Bí mo bá húkọ́, á gbọ́.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí fíìmù yìí dé, ó ti rí àṣìṣe kan nínú iṣẹ́ mi níṣojú mọ́nẹ́jà. Jẹ́jẹ́ ló fi hàn mí, kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin gbọ́. Ìyẹn ni Làmídì tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ kiri. Lọ́jọ́ fíìmù yìí, iná ti lọ láti àárọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni Làmídì yọjú sí mi.

"Kọ̀ǹpútà, gbé fíìmù wá jàre. Iná dé, a ò mọ ìgbà tó máa padà sílé ọkọ ẹ̀."

Mo ní, "Kí Rídà wò ó ná."

Làmídì yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ gbọ́ o! Ọ̀gbẹ́ni yìí, tó bá fẹ́ gbé itọ́ mì, á gbàṣẹ lọ́wọ́ ìyàwó ná."

Bọ̀dé tó ń ṣe pléètì ní, "Fi sílẹ̀, àánú ẹ̀ ń ṣe mí. Nílé, ìyàwó. Níbi iṣẹ́, ìyàwó. Kọ̀ǹpútà, ṣé ó máa ń fi bírò pupa sàmì sí ọbẹ̀ tó o bá jẹ kù náà ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Làmídì fi di ara ògiri mú. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Mo sì na fíìmù sí i. Mo ní, "Gbà, máa lọ. Èmi ni mo to iṣẹ́ mi, mo mọ ohun tí mo tò." Ìyá rẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ orí ba, kò mọ̀ pé ohunkóhun kọjá lára òun.

Àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rín lé mi sáré lọ́jọ́ yẹn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bá mi jìyà rẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n bá mi jẹ ẹ́ náà. Èmi ni mo na ọwọ́. Wọn á fi ìwọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ìbàdàn. Wọn á ní o lọ́ra, wọn á ní o fẹ́ràn àṣejù. Bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n má na ọwọ́.

A tẹ̀ ẹ́, a gé e, wọ́n wá kó o. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ òògùn náà gbé ìgò kan wá bá mọ́nẹ́jà. Nọ́ọ̀sì kan ní Abúlé Ẹ̀gbá ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ìyá ọmọ kan tí kò gbọ́ Òyìnbó ka apá Yorùbá, ó fún ọmọ rẹ̀ ní odindi ṣíbí, ó tún fún un, ó tún fún un. Ọmọ náà sùn. Kò jí fún ọmú, kò jí fún omi tí wọ́n wọ́n sí i lójú, títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó jí. Wọ́n kó àwọn ìgò yòókù padà láti àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tí a gbọ́ nípa rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí a kò gbọ́ ńkọ́? Mùlíkátù, mo ti dàgbà, mo ṣì máa ń wo àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ yẹn lójú pópó Agége, màá máa rò ó.

Wọ́n pè mí wọ inú yàrá mọ́nẹ́jà. Ìgò náà wà lórí tábìlì. Mọ́nẹ́jà ní, "Bébà tí Rídà fọwọ́ sí nìyí, ìdajì wà níbẹ̀. Kò sí lórí fíìmù. Ta ló ka fíìmù?"

Ìbéèrè tó rọrùn ni. "Kò sí ẹni tó kà á, sà. Èmi ni mo gbé e kọjá." Gbólóhùn méjì péré. Súlè ọ̀rẹ́ mi ló wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n dá a dúró, búlọ́ọ̀kù ló ń rù ní Ìyànà Ìpájà. Mo ti rí i lójú ọ̀nà, eruku sìmẹ́ńtì bo ìpéǹpéjú rẹ̀, mo sì gba ọ̀nà mìíràn kó má bàa rí táì mi. Mo rí ara mi níbi tó dúró sí. Mo ní, "Rídà ni, sà. Mo gbé e fún un, ó ní ó dáa."

Ẹyin lohùn. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́.

Wọ́n pè é wọlé. Ìyá rẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ó dìde. Mọ́nẹ́jà ní, "Màdáàmù, ìwọ lo ka fíìmù iṣẹ́ yìí?"

Ó wo ìgò. Ó wò mí. Mo ń wo ilẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Èmi ni."

"Báwo lo ṣe wá fojú fo èyí? Ìwọ?"

"Ẹ má bínú sà."

Wọ́n ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀. Kò ní ẹrù kankan ju àpò ìfàlọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó ń jáde, Làmídì àti Bọ̀dé kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀. Wọ́n wò mí, àwọn náà sì wo ilẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, a jọ rìn lẹ́bàá ojú irin padà sí Agége. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá Mùlí, tí wọ́n bá lé yín, ṣé wọ́n á jẹ́ kí èmi dúró ni? Àwa méjèèjì la máa jáde. Ó sàn kí ẹnì kan kù."

Mo ní, "O ṣeun. Ọlọ́run á..."

Ó ní, "Ẹ má tíì dá Ọlọ́run sí i. Ẹ̀ bá kọ́kọ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ bi mí. Ǹ bá gbà. Ẹ ò bi mí."

A rìn títí a fi délé. Ìwọ lo sáré pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, o ní, "Màámi, kí lẹ rà?" Ó ní, "Mo ra ìsinmi."

Mo fẹ́ máa ka ìmọ̀ràn mi ní ìkẹta, ìkẹrin, ṣùgbọ́n wọn ò tò mọ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá gbé ẹrù fún ọ, ó yẹ kó jẹ́ pé o bi í. Tí o bá lọ́kọ lọ́la, tí o bá lọ́rẹ̀ẹ́, tí o bá ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ rẹ, má fi ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ọ ṣe owó tí o máa ná láìbéèrè. Tí ọ̀gá bá sì ní "ta ló ṣe é?", tí ó bá jẹ́ ìwọ lo ṣe é, tètè sọ ọ́ kí ẹ̀rù tó bá ọ wá orúkọ mìíràn. Tí ẹ̀rù bá ti rí orúkọ, kò ní padà sọ́dọ̀ rẹ mọ́.

Ìyá rẹ wá iṣẹ́ lọ sí àwọn ilé ìtẹ̀wé mìíràn. Ìkẹjà kò fẹ̀ tó bí o ṣe rò, ọ̀rọ̀ sì lẹ́sẹ̀. Ní ibì kan, akọ̀wé ẹnu ọ̀nà bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni Rídà Ìdajì Ṣíbí?" Ó padà wálé, ó gbé bírò pupa fún ọ, o fi ya ilé àti adìyẹ sára ògiri. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Aṣọ ilé ìwé ọmọ ìdajì Agége ló rán. Àwọn tó ń gbé aṣọ wá fún un kò mọ̀ pé ó ń ka ojú ìránṣọ bí ó ṣe ń ka ìlà ọ̀rọ̀. Kò sí ọmọ tí aṣọ rẹ̀ tú.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n dákẹ́, ó kéré tán. Mi ò dákẹ́. Bí iyọ̀ bá pọ̀ lọ́bẹ̀, màá ní, "Ìyá yín ti fo ìdajì." Bí ó bá gbàgbé ibi tó gbé kọ́kọ́rọ́ sí, màá ní, "Rídà!" Ẹ̀yin ọmọ ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń bá wa rẹ́rìn-ín. Mo ń ṣe é kí ó lè di àwàdà, nítorí ohun tó bá ti di àwàdà, kò sẹ́ni tó ń béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ kò mọ̀. Èmi mọ̀, mo sì ń pa á lẹ́rìn-ín lójoojúmọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ṣọ́ra fún àwàdà tí ẹnì kan ṣoṣo ń sanwó rẹ̀.

O lè má rántí èyí. Ọdún tí o fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ tí o ti kọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí o kọ nǹkan nípa ara rẹ. Ìyá rẹ fọ ọwọ́, ó nu ún, ó ní, "Gbé e wá kí n bá ọ kà á." O ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Bàbá. Ẹ̀yin lẹ fo ìdajì ṣíbí." O rẹ́rìn-ín. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ, kò wo ohun tó wà nínú rẹ̀, ó nà án sí mi. Mo gbà á, Àbẹ̀kẹ́. Mo fi awò mi sójú, mo sì kà á.

Nígbà tí o jáde, ó bi mí pé, "Bàbá Mùlí, ṣé ẹ máa sọ fún un lọ́jọ́ kan?"

Mo ní, "Kí la tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ ṣe? Ọmọ ń ṣeré ni."

Ó ní, "Ó dáa."

Ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ló béèrè. Kò béèrè nígbà tó ń ṣàìsàn. Mo jókòó tì í ní ọsibítù, mo ń retí kó béèrè kí n lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò béèrè. Lọ́jọ́ fidáù rẹ̀, àlùfáà dúró, wọ́n ní ọkọ rere ni mí, mo mú sùúrù fún aya mi nígbà tí ó ṣe àṣìṣe, mi ò kọ̀ ọ́. Èèyàn kan ló sọ fún wọn. Gbogbo ilé ṣe àmín. Mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn. Mi ò mọ irú ènìyàn tó ń ṣe àmín sí irú àdúrà yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ rẹ̀.

Mi ò kọ èyí kí o lè dárí jì mí. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ, ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ. Mo kọ ọ́ kí o lè mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́. Kò sí ọjọ́ kan tí ìyá rẹ fọwọ́ sí iṣẹ́ tí iṣẹ́ náà kò pé. Ojú tó fi ń kàwé ni o fi ń kà á. Bí wọ́n bá yìn ọ́ ní Ìbàdàn pé o mọ iṣẹ́ wò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo ti mú un, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Mi ò fẹ́ dúró kí ó wá bá mi. Kí n tó jókòó ti ìwé yìí, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, Àǹtí Sìfáwù, nílé wọn. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí. Wọn ò dá ọwọ́ dúró. Wọ́n ṣa ẹ̀wà náà tán, wọ́n fẹ́ pàǹtírí rẹ̀ dànù, wọ́n wá ní, "Níṣojú ta lo ti sọ ọ́ pé àbúrò mi ni?"

Mo ní, "Níṣojú gbogbo ènìyàn, Àǹtí."

Wọ́n ní, "Kí ló dé tó o wá ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ èyí fún èmi nìkan nínú kíṣìnì? Dìde. Àdúrà ọdún rẹ̀ ń bọ̀. Àlùfáà á wà níbẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ á wà níbẹ̀. Wàá dúró, wàá sọ ọ́ ní ohùn tí mo fi máa gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilé."

Mo ní mo gbọ́. Mo ti rán ènìyàn sí Làmídì àti Bọ̀dé pé kí wọ́n wá. Wọn ò tíì fèsì.

Ìwọ náà máa gbọ́ ọjọ́ àdúrà lẹ́nu àbúrò rẹ. Mi ò ní kí o wá, mi ò sì ní kí o má wá. Ṣùgbọ́n bí o bá wá, Àbẹ̀kẹ́, má wá jókòó tì mí. Àwọn ènìyàn á fẹ́ fi ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi nítorí pé ìwọ ni àkọ́bí, wọn á ní kí o wá ti bàbá rẹ lẹ́yìn. Má dá wọn lóhùn. Lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ, jókòó sáàárín wọn, kí o kọjú sí mi. Níbẹ̀ ni mo ti fẹ́ máa rí ọ nígbà tí mo bá ń sọ ọ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ fún mi, kí ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ṣe ọmọ ẹlòmíràn lóore.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràjí.